Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Gbé Hámsítà Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ mi, mo sá jáde. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo ká ìró mi sókè, mo sáré dé gẹ́ètì.

Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin lẹ máa ń bi mí pé, "Màmá Hámsítà, irú iṣẹ́ wo tiẹ̀ lẹ ṣe gan-an?" Ẹ̀ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè fi ẹranko tí kò ju ìkúùkù lọ jẹun títí tó fi darúgbó. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun kan tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni pé kò sí ọdún kan tí kò já mi láyà.

Ilé ìwádìí oògùn kan lápá Ìdímù ló gbà mí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gbá. Owó oṣù kò pọ̀, kò sì burú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Akọ̀wé tó mú mi káàkiri ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ibí náà wà nínú ibi tí wàá máa gbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo wọlé. Eku ló kún ibẹ̀. Eku funfun, eku pupa, ẹmọ́ òyìnbó, gbogbo wọn nínú àgò, wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ dé àjà. Fáànù méjì ń fẹ́ wọn. Fáànù! Nílé ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé, àwa márùn-ún là ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo, a ò ní fáànù. Mo ṣì ń wo ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì bí èèyàn, ó ká ọwọ́ sí àyà, ó tẹjú mọ́ mi. Ni mo bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹni tó dá mi dúró ní gẹ́ètì ni Ọ̀gá Múyìwá, olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko níbẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kóòtù funfun rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn dókítà lọ. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Eku ni, sà."

"Ó jáde nínú àgò?"

"Rárá, sà. Ó wò mí ni."

"Ó wò ọ́. Ìwọ wá ńkọ́, ṣé o wò ó? Padà síbẹ̀ kó o lọ wò ó dáadáa. Tó o bá ṣe tán, wá sọ iye ìka tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀ fún mi."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo padà, mo lóṣòó síwájú àgò náà, mo kà á. Nígbà tó yá ni mo padà lọ bá a. "Mẹ́rin ni, sà."

"Ti ẹ̀yìn ńkọ́?"

Mi ò wo ti ẹ̀yìn. "Padà," ló ní.

Márùn-ún ni ti ẹ̀yìn. Mi ò gbàgbé láti ọjọ́ náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa gbálẹ̀, òun ti mú Rábíátù. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹranko tó dìde wò mí yẹn ni wọ́n ń pè ní hámsítà. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i rí, kì í ṣe eku ilé o. Òkèèrè ni wọ́n ti kó wọn wá. Ó sanra bọ̀kọ́tọ́, ìrù rẹ̀ kúkurú bíi pé wọ́n gé e, irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì yọ síta. Ojú náà kò ríran jìnnà. Imú ló fi ń mọ ayé.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kankan. Kí n pààrọ̀ omi, kí n bu oúnjẹ fún wọn, kí n kó ìdọ̀tí, kí n wò wọ́n, kí n kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé, ó parí. Òórùn ọwọ́ mi ni Ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti jẹ ẹja díndín lójú ọ̀nà, mo sì ti nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ. Ó gbé ọwọ́ mi sí imú.

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì ni, sà."

"Búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja pò? Rábí, tí ìka rẹ bá ń rùn bí oúnjẹ, oúnjẹ ni lójú hámsítà. Kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ fọ̀ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní òórùn, kó tó jẹ́ kí n wọlé.

Ẹ̀rù tó bà mí lóṣù kejì ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Mo fún ọ̀kan nínú wọn ní àgbàdo àti ọkà bàbà láàárọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, orí rẹ̀ ti tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Mo figbe ta, mo sáré lọ bá Ọ̀gá níbi tó ti ń jẹun. "Sà! Ṣẹ́gẹdẹ̀ ti mú un! Ó ti fẹ́ kú!" Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi, ó wo ẹranko náà. Ó ṣá na ìka sí i pé kí n dúró kí n máa wò. Ẹranko yẹn rìn lọ sí kọ̀rọ̀ àgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ni àgbàdo bá ń bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá, ogún, ó lé. Àpò ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀! Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ó kó oúnjẹ ọ̀la pamọ́ ni. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti ní ti ọ̀la?" Ó sì padà lọ jẹun.

Nígbà tó fún mi láyè láti máa gbé wọn, ìgbéraga wọ̀ mí lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan ń sùn nínú èérún pákó tá a fi ṣe ibùsùn fún un. Ọ̀sán ni òru tiwọn. Mo ti ọwọ́ bọ inú àgò láti òkè, mo gbá a mú lẹ́yìn. Eyín rẹ̀ wọ ìka mi, mo rò pé ó kan egungun. Mo kígbe, mo gbọn ọwọ́. Ẹranko náà fò kọjá lójú mi, ó balẹ̀ gbì sórí sìmẹ́ńtì.

Ọ̀gá sáré wọlé. Mo na ọwọ́ mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i. Ó kọjá lára mi bíi pé mi ò sí níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti hámsítà yẹn, ó ń wo bó ṣe ń rìn, ó ń wo ẹsẹ̀ kan, ó ń wo èkejì.

"Sà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ mi!"

"Mo rí i. Ọwọ́ rẹ máa jinná. Ẹ̀yìn eléyìí tó bá kán, kò ní jinná."

Mo sunkún. Mi ò rí ọkàn líle bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ẹranko náà lè rìn, ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó di í, ó ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń di í ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ṣé ẹnì kan ti fà ọ́ dìde rí lójú oorun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo ṣe?"

"Mo lù ú, sà."

"Òun náà lù ọ́ ni. Tẹ́tí sí mi. Ohunkóhun tó bá ti òkè wá, àṣá ni lójú tiẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti wá. Kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kó jí. Gbé ọwọ́ rẹ sílẹ̀ nínú àgò, má mira, kó wá gbóòórùn rẹ. Tó bá gun ọwọ́ rẹ, fi ọwọ́ kejì bò ó, bí ẹni bu omi tí kò fẹ́ kó dà. Jókòó sílẹ̀ kó o tó gbé e, kó má baà jábọ́ láti òkè. Tó bá sì gé ọ jẹ, má gbọn ọwọ́. Gbé e sílẹ̀ kó o tó kígbe."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹlòmíràn. N kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Àwọn nǹkan míì wà tí mo rí níbẹ̀ tí mi ò lè tètè jẹun lẹ́yìn wọn. Mo rí ìyá hámsítà kan tó jẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́fà tán nítorí pé mo gbé ọ̀kan wò nígbà tí wọn ò tíì lajú, mo sì dá a padà pẹ̀lú òórùn ọwọ́ mi. Mo fi hámsítà méjì, ọmọ ìyá kan náà, sínú àgò kan ṣoṣo torí pé àánú wọn ṣe mí, mo rò pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni nìkan wà. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan ló kù. Hámsítà kì í bá ẹnikẹ́ni gbé. Ó sì yẹ kí n sọ èyí náà: ilé ìwádìí ni. Àwọn kan nínú èyí tí mo fi ọwọ́ mi tọ́ dàgbà lọ sí yàrá kejì lọ́dọ̀ àwọn dókítà, níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn wò lára wọn, wọn kò padà. Ọ̀gá máa ń sọ pé nítorí rẹ̀ gan-an la ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n bá ní dùn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Àgò onípákó la bá níbẹ̀, eyín wọn kò sì jẹ́ kó pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ti dá ihò sí i, àá máa wá wọn kiri abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni oníwáyà dé, ìyẹn sì ń gé wọn lẹ́sẹ̀. Ike ńlá tó mọ́ gaara ló dé kẹ́yìn, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á máa sáré nínú rẹ̀ láìkúrò lójú kan àti ìgò omi onírin tí wọ́n á máa lá. Ooru ni kò yí padà. Ooru Èkó kì í bá wọn lára mu. Tí oòrùn bá mú, a máa ń wé ìgò omi dídì sínú tówẹ̀lì, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgò kí wọ́n lè fara tì í. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù fún wa, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yí i sí ibi tó tutù jù lọ, ó sì fi í síbẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí a mọ iná wa. Iná tó bá dé láàárọ̀ ti máa lọ kó tó di ọ̀sán. Òtútù díẹ̀ tá a bá rí gbà, ìyẹn la máa fi gbé ìyókù ọjọ́.

Ọdún kẹfà mi níbẹ̀ ni, ọdún Iléyá. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

"Rábí, mo mọ̀ pé ọdún yín ni. Ọjọ́ kejì ọdún nìkan ni mo fẹ́ kó o yà wá, kó o wò wọ́n, kó o fi oúnjẹ kún tiwọn. Ṣé wàá wá?"

"Màá wá, sà."

"Má sọ pé wàá wá tó ò bá ní wá o."

"Màá wá, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

N kò lọ. Ilé dùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹbí pé, ẹran pọ̀, ìyá mi ò sì fẹ́ kí n tètè lọ. Mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ tí mo fi sílẹ̀ máa tó wọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Iná kò lọ. Fún ọjọ́ mẹ́rin, tọ̀sán-tòru, ní Alimọ́ṣọ́ yìí, iná kò ṣẹ́jú. Mi ò rí irú rẹ̀ rí kó tó di ìgbà yẹn, mi ò sì tíì rí i láti ìgbà náà.

Mo ti ọ̀dọ̀ ẹbí dé láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òtútù gbá mi lójú bíi pé mo ṣí fíríísà. Àwọn eku funfun gun ara wọn jọ sí igun, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹmọ́ òyìnbó ń ké. Àwọn hámsítà méje tí àgò wọn wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an kò mira. Abọ́ oúnjẹ wọn ti ṣófo. Oníkálukú ká bí òrombó, ó ki orí bọ ikùn. Mo gbé ọ̀kan. Ó tutù bí òkúta, ó le, kò mí. Mo gbé èkejì. Mo gbé gbogbo wọn.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àánú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ pé ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo rò ó pé Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Mo kó wọn sínú àpò ìyẹ̀fun kékeré kan, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà lẹ́bàá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sin wọ́n, mo fọ àgò wọn mọ́. Màá sọ pé àìsàn ló pa wọ́n.

Ọ̀gá kò dúró di ọ̀sán. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo sin wọ́n tó fi dé. Ó wo àgò méje tó ṣófo.

"Àwọn hámsítà dà?"

"Wọ́n kú, sà. Àìsàn ni."

"Méjèèje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé ọwọ́ lé ara ògiri tó ṣì tutù. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí.

"Ṣé wọ́n rọ̀ ni àbí wọ́n le?"

"Wọ́n le, sà. Wọ́n tutù."

"Wọ́n ká jọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o mú wọn mọ́ra títí wọ́n fi móoru?"

"Rárá, sà."

"Rábí." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Níbo lo sin wọ́n sí?"

N kò rí ọkùnrin yẹn kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀, ọwọ́ lásán ló fi ń wú ilẹ̀. "Wọn kì í ṣe òkú!" ló ń wí. "Tí òtútù bá pọ̀ tí oúnjẹ sì tán, wọ́n máa ń sùn lọ bí òkú! Ọkàn wọn ṣì ń lù! Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ!"

Mo ń gbẹ́, mo ń sunkún. A fa àpò náà jáde. Ó kó wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò nímú wọn, ó ki wọ́n bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára awọ àyà. Ó ní kí n ki ìyókù bọ inú bùbá mi. A jókòó sórí ilẹ̀. Nígbà tó ti pẹ́ díẹ̀, mo rí i tí ojú Ọ̀gá yí padà. Irun imú ọ̀kan ti mira lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan gbọ̀n pẹ́ẹ́ lára èmi náà.

Mẹ́ta ló jí nínú méje. Nínú mẹ́rin tó kú, ọ̀kan wà tí kò ká jọ mọ́. Ó ti na tán. Ó ti fi eyín dá ojú àpò náà lu, orí rẹ̀ ti yọ síta, yẹ̀pẹ̀ sì kún èékánná ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti jí níbẹ̀. Ó ti ń wá ọ̀nà jáde.

 Títí di òní, tí mo bá rántí èékánná yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé o wá lọ́jọ́ kejì?"

"Rárá, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Irọ́ sì ni mo pa nípa àìsàn."

Mo kúnlẹ̀, mo ń dúró de ohun tó bá fẹ́ ṣe. 

"Èmi ni mo yí ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà lo ti wà lọ́dọ̀ mi, n kò kọ́ ọ ní èyí. Mo rò pé ní Èkó, kò sí ọjọ́ tá a máa nílò rẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ọ̀gá mi, àgbà tó lè bí mi, ló ń bẹ̀ mí pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lójú. Ìgbájú ì bá sàn fún mi.

Lẹ́nu akọ̀wé ni mo ti wá gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé ó ti lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ pé ẹ̀bi òun ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo sáré lọ bá a pé mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń pààrọ̀ omi.

"Wọ́n máa lé ọ. Ta ló máa wá tọ́jú àwọn wọ̀nyí? Mú ìgò yẹn fún mi."

Mo bá a ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, èmi náà sì di olórí lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ "màá wá" fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìlọ.

Nígbà tí ilé ìwádìí náà kógbá sílé, mo rò pé iṣẹ́ mi tán. Àṣé àwọn èèyàn Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra hámsítà fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ń rí i lórí fóònù, wọ́n ń rà á, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n, mo ń tà, mo sì ń lọ láti ilé dé ilé kọ́ àwọn tó rà á. Ohun tí ojú mi rí! Ìyá kan ní Òkè-Odò fi ọṣẹ àti omi wẹ tiẹ̀, ó sì fi fáànù gbẹ ẹ́. Mo dé bá a tó ń gbọ̀n bí ewé. Mo ní, "Aya mi, yanrìn gbígbẹ ló fi ń wẹ̀, kì í ṣe omi." Ẹlòmíràn gbé àgò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú oòrùn pé kó lè máa ríran wo títì. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀gùn da oògùn èèrà yí àgò ká, ẹranko náà sì lá a. 

Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ kì í ṣe ẹranko ló ṣe é.

Ìdílé kan wà ní Ìgándò, bàbá, ìyá àti ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Tèmilolúwa. Tèmi là ń pè é. Báǹkì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹrí kó tó wọ ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ra hámsítà tí Tèmi sọ ní Bísíkítì. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n tọ́jú ju àgbàlagbà lọ. Nígbà tí Bísíkítì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì ààbọ̀, bàbá rẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Bísíkítì ti kú. Aago méjì ni Tèmi máa dé láti iléèwé. Ẹ bá mi wá èyí tó jọ ọ́."

Mo lọ síbẹ̀. Mo gbé e mọ́ra títí, mo rí i pé lóòótọ́ ló ti lọ. Ó darúgbó ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀, sà." Ó ní rárá, òun ò lè rí omijé rẹ̀. Omijé tiẹ̀ ti ń dà bó ṣe ń sọ ọ́. N kò lè bá a jiyàn. Mo mú ọ̀kan nílé tó jọ ọ́ bí ìbejì, mo fi sínú àgò náà, mo sì gbé Bísíkítì lọ sin síwájú ilé mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ wo èyí tuntun náà. Ìyá Tèmi ti lọ sọ́jà, bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Tèmi mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní kí n jókòó.

"Màmá, kí lorúkọ eléyìí?"

"Ṣé Bísíkítì kọ́ ni?"

"Màmá." Ó wò mí. "Bísíkítì ní àpá kékeré létí òsì. Eléyìí ò ní."

 "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Túsìdeè, bí mo ṣe dé láti iléèwé."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Dádì ni. Ojú wọn pupa. Wọ́n ti sunkún kí n tó dé, wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, 'Wo Bísíkítì, ara rẹ̀ ti yá.' Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún sunkún."

Ọjọ́ márùn-ún! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló gbé ìyẹn sínú fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń pe ẹranko náà ní Bísíkítì níwájú bàbá rẹ̀ láràárọ̀. N kò mọ ibi tí mo máa fi ojú mi sí.

"Ṣé ó jìyà, mà?"

"Rárá. Ó darúgbó ni, Tèmi. Èmi ni mo sin ín, síwájú ilé mi."

"Ẹ ṣé, mà."

Ilẹ̀kùn dún. Bàbá rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. A kò mọ ìgbà tó ti ń gbọ́ wa.  Tèmi dìde, ó lọ dì mọ́ bàbá rẹ̀ ní ìbàdí.

"Dádì, ẹ má sunkún mọ́. Mo ti sun tèmi tán ní báàfù."

Ọkùnrin gíga yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fi orí lé èjìká ọmọ rẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n dí ọ̀nà. Mo padà jókòó.

Nígbà tó yá, Tèmi ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ eléyìí lórúkọ, Dádì."

Ó ronú títí, ó nu imú. "Gúgúrú," ló ní. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá pè wọ́n jókòó pọ̀, mo sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà pé Gúgúrú máa lo ọdún méjì, bóyá kó lé díẹ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi mi orí pé òun gbọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí n jọ̀wọ́, kí n tún un sọ.